Ìyá Mánéjà àti Ṣúgà Tó Lọ sí Ìgànná

Ní ọjọ́ tí a sin ìyá àgbà mi, lèmọ́mù dìde lẹ́yìn àdúà, ó ní obìnrin tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni àfi Ọlọ́run la gbé sin yìí. Gbogbo èrò ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni mo tẹjú mọ́, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. N kò tíì rí ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà tó ìyá àgbà mi. Iná ń bà wọ́n lẹ́rù. Òjò ń bà wọ́n lẹ́rù. Eku, agolo tó wú, wáyà tó bó, fóònù tó bá dún kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń já wọn láyà. Ìjayà yìí ni wọ́n sì fi ṣe mánéjà ilé ìtajà ní Ìsẹ́yìn fún ọdún mọ́kàndínlógún, tí ẹnikẹ́ni kò fi ra ikú lọ́wọ́ wọn. Ó ku díẹ̀ kí ẹnìkan rà á. Èyí tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́.

Ìyá Mánéjà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Kúdírá ni orúkọ ìyá mi, àkọ́bí wọn, Ìyá Kúdírá sì ni wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n tó gba iṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbé orúkọ yẹn mì. Ilé ìtajà náà kì í ṣe tiwọn. Alhaji kan tó ń gbé ní Ìbàdàn ló ni ín, tó máa ń wá bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ọ̀nà Òkèhò ló wà. Iwájú la ti ń ta ọṣẹ, bisikíìtì, mílíìkì, ìpara àti gbogbo ohun tí ilé ń lò. Ẹ̀yìn ni yàrá ńlá tí a ń kó àpò ìrẹsì, iyọ̀, ìyẹ̀fun àti ṣúgà sí. Àwa ọmọbìnrin mẹ́ta la ń bá wọn tajà. Mo dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama, tí mo ń retí àtiwọ yunifásítì. Ìretí náà pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ọdún méjì gbáko ni mo lò lẹ́yìn káńtà yẹn.

Láràárọ̀, bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn, wọn kì í wọlé. Wọn á dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọn á dijú, wọn á fa afẹ́fẹ́ inú ilé símú, bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀ aládùúgbò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní, "Bísímílà," tí wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe.

"Mò ń bi ilé," wọ́n dáhùn, "bóyá ó sùn dáadáa."

Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á fa àgádágodo wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Síbẹ̀, nígbà tí a bá dé ìyànà ilé, wọ́n á dúró gbọnin.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé mo ti í?"

"Ẹ ti í, ìyá."

"O fi ojú rẹ rí i?"

"Mo rí i, ìyá."

Àá tún padà lọ wò ó. Ní ọjọ́ kan, òjò ti ṣú, ẹsẹ̀ ń ro mí, inú sì bí mi. Mo ní, "Ìyá, ìjayà yín yìí ti pọ̀ jù." Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí. Wọn kò gbá mi. Wọ́n rọra gbé báàgì wọn sí èjìká kejì, wọ́n ní, "Ẹ̀rù tèmi yìí ni gbogbo yín fi ń rí oorun sùn."

Àwọn ènìyàn máa ń wá ìdí fún un. Àwọn kan ní ọmọ kan ti ní láti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ rí. Àwọn mìíràn ní bóyá ilé kan jó lójú wọn. Mo bi ìyá mi. Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe ìyá àwọn, pé ìyá tó bí ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́: láti kékeré, bí ilé bá pa lọ́lọ́, ọmọ náà á máa jí àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń mí. "Kò sí ìtàn kankan ńbẹ̀," ni ìyá mi wí. "Bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn."

Wọ́n máa ń jà o. Ẹ má rò pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í jà. Bàbá Tísà, olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tó kọjú sí wa, ni wọ́n bá jà pẹ́ jù. Bàbá yìí fẹ́ràn ẹja inú agolo. Lọ́jọ́ kan, ó rí mẹ́fà tí a yà sọ́tọ̀ nítorí pé ìdí wọn ti wú, ó ní kí a tà wọ́n fún òun lówó pọ́ọ́kú.

"Mi ò lè tà á fún yín, Bàbá Tísà. Dídà la fẹ́ dà á nù."

"Ìyá Mánéjà, mo ti jẹ èyí tó burú jù báyìí lọ nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ẹ wò mí, ṣé mo kú?"

"Ẹ ò kú. Ẹ ò sì ní kú nínú ilé ìtajà tèmi."

Bàbá gbà pé wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ọmọdé. Fún nǹkan bí oṣù méjì, bó bá ń kọjá, òdì kejì ọ̀nà ló ń gbà, á sì gbójú sókè bí ẹni ń ka ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan. Mo ní kí ìyá lọ bẹ̀ ẹ́. Wọn kò lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí bàbá tún ń kọjá, wọ́n jáde sí gbangba, wọ́n kúnlẹ̀ kí i, wọ́n sì pariwo kọjá títì: "Ẹ máa bínú sí mi, sà. Kí ẹ ṣáà wà láyé kí ẹ máa bínú!" Bàbá fẹ́ máa lọ, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Ọjọ́ kejì ló wá ra bisikíìtì.

Wọ́n bá èmi náà jà. Ìyá kan wá láti oko, ó mú ìgò ọṣẹ olómi tí wọ́n ya ọsàn sí lára, ó bi mí pé kí ni. Ọwọ́ mi dí, ó sì ti bi mí ní ohun mẹ́ta ṣáájú. Mo ní, "Ohun tí wọ́n kọ sí i lára náà ni." Obìnrin náà mi orí, ó ní ó dáa, ó gbé ìgò náà mọ́ra. Ìyá mi àgbà gbọ́ láti inú yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n sáré jáde, wọ́n gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ìyá wa, ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ ni. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ gbé e mu o. Ọsàn tí ẹ rí yẹn, òórùn rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀." Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, wọ́n yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò mọ̀wé, ẹnu rẹ ni ìwé tó ń kà. Ohun tí o kọ fún un lónìí nìyẹn?"

Ó kan ọ̀rọ̀ ṣúgà wàyí.

Ní ọdún kejì mi ló ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn pẹ́ kó tó dé, oòrùn ti ń wọ̀, òjò sì ń hàlẹ̀. Ó ti rẹ gbogbo wa. Bí àwọn alágbàrù ṣe ń já àpò ṣúgà sí yàrá ẹ̀yìn ni Bàbá Ráfíù yọ, oníbàárà wa kan láti Ìgànná. Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ, ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ, ó ń fẹ́ ìdajì àpò ṣúgà, ọkọ̀ tó máa gbé e padà sì ti ń fọn fèrè. Ṣúgà wa àtijọ́ ti tán. Ìyá ní kí n ṣí àpò tuntun fún un.

Mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo gé okùn ẹnu àpò kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bù. Òórùn kan sì gba imú mi kọjá. Ó mú, ó dà bí ohun tí àbúrò bàbá mi máa ń fọ́n sí oko àgbàdo. Mo dá ọwọ́ dúró. Mo rò pé ara aṣọ àwọn alágbàrù ni, nítorí wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Bàbá Ráfíù ń ké láti ìta pé, "Ọmọ mi, ọkọ̀ ń lọ o!" Mo di ṣúgà náà, mo gbé e fún un. Nígbà tó lọ, ìyá wọlé wá wo ẹrù. Wọ́n dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpò náà, wọ́n sì ní kí a tilẹ̀kùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, a kò padà láti ìyànà.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n dijú, wọ́n fa afẹ́fẹ́ símú. Wọn kò ṣe bísímílà. Wọ́n kọjá lára mi wọ yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tí mo bá wọn níbẹ̀, wọ́n ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Abẹ́ àwọn àpò ṣúgà tutù, omi náà sì ní àwọ̀ ewé. Ìdí àpò tí mo ṣí náà tutù. Wọ́n fi ìka kàn án, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n nu ọwọ́ sí aṣọ wọn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún.

"Àbẹ̀kẹ́, nígbà tí o ń bu ṣúgà lánàá, ṣé o gbọ́ òórùn kankan?"

"Rárá, ìyá."

Bí irọ́ náà ṣe yá lẹ́nu mi ló ṣì ń yà mí lẹ́nu dòní.

Wọ́n pe awakọ̀. Ó kọ́kọ́ sẹ́, lẹ́yìn náà ó jẹ́wọ́: ó bá ẹnìkan gbé kẹ́ẹ̀gì kẹ́míkà méjì, irú tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa koríko. Abẹ́ ẹrù wa ló fi wọ́n sí. "Ọ̀kan ló jò, ìyá. Díẹ̀ ni. Díẹ̀ náà ni." Kò sí ẹni tí kò mọ kẹ́míkà yẹn ní Òkè-Ògùn. Ẹni tó bá mu ún, ọjọ́ ni wọ́n ń kà fún un.

Wọ́n tẹ fóònù Bàbá Ráfíù. Kò wọlé. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò wọlé. Wọ́n wá pe Alhaji.

"Ẹ kó èyí tó tutù sápá kan," ni Alhaji wí. "Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni títí n ó fi dé. Tí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, ilé ìtajà wa parí nìyẹn."

"Alhaji, wọ́n ń sọmọ lórúkọ ní Ìgànná láàárọ̀ yìí."

"Mo ní ẹ dúró dè mí, Ìyá Mánéjà."

"Mo ti gbọ́ yín, sà."

Wọ́n pa fóònù. Wọ́n ní kí gbogbo wa jáde, wọ́n sì ti ilé ìtajà lójú àwọn oníbàárà. Wọ́n dá ọ̀kadà kan dúró. Ìyá bọ́ sáàárín, èmi bọ́ sẹ́yìn.

Ẹ ní láti mọ̀ pé ìyá àgbà mi kì í gun ọ̀kadà bí wọ́n bá rí ọ̀nà mìíràn. Tí wọ́n bá gùn ún, gbogbo ìgbà ni wọ́n á máa na ọlọ́kadà léjìká pé kó rọra. Lọ́jọ́ yẹn, "Sáré," ni wọ́n ń wí. "Dákun, ọmọ mi, sáré." Nígbà tí a kọjá Òkèhò, ọ̀nà di ilẹ̀ pupa, ó sì kún fún kòtò. Eruku kún wa lẹ́nu. Wọ́n ń tẹ fóònù, wọ́n ń gbé e sétí, wọ́n ń tún un tẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún wọn, pé mo gbọ́ òórùn náà. Mo la ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún pa á dé.

Níbì kan, màlúù dí ọ̀nà, wọ́n pọ̀ débi pé a kò rí ìparí wọn. Ọlọ́kadà dúró. Ìyá, tí ewúrẹ́ lásán ń lé sá, sọ̀kalẹ̀, wọ́n wọ àárín àwọn màlúù náà, wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì tì wọ́n, wọ́n ń ké pé, "Ẹ jẹ́ kí n kọjá! Ẹ jẹ́ kí n kọjá!" bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. A tẹ̀ lé wọn títí a fi já sí òdì kejì.

Nígbà tí a dé Ìgànná, òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń rin ló pàdé wa. Kò ṣòro láti rí ilé ìsọmọlórúkọ. Àwọn ọkùnrin ti jókòó sábẹ́ ìbòrí, àwọn áfà ń ṣe àdúà lọ. Ẹ̀yìnkùlé ni ìyá gbà. Àwọn obìnrin ti po sóbò sínú ọpọ́n ńlá kan, yìnyín ń léfòó lórí rẹ̀, wọ́n sì ń bù ú sí ife. Ọmọbìnrin kan ti gbé àwo ife àkọ́kọ́ sókè, ó fẹ́ máa lọ síwájú.

Ìyá fẹ́ sọ̀rọ̀, èémí kò jẹ́. Wọ́n gbá àwo náà bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Wọ́n sáré sí ọpọ́n, wọ́n fi gbogbo ara tì í, ọpọ́n dojú dé, àwọn náà ṣubú sínú sóbò. Ariwo ta.

"Ta lẹ jẹ́?" ni ìyá ọkọ, ìyá àgbà ìkókó, ké. "Ta ló rán yín wá ba ọjọ́ ayọ̀ wa jẹ́?" Ẹnìkan fa ìyá láṣọ. Bàbá Ráfíù sáré wọlé, ó rí wọn nílẹ̀, omi pupa ń ṣàn lára wọn.

"Ìyá Mánéjà?"

"Ta ló ti mu ún?" Ohùn wọn kò dà bí ohùn wọn. "Ta ló ti mu nínú ẹ̀? Kẹ́míkà oko wà nínú ṣúgà tí mo tà fún yín."

Ẹ̀gbọ́n ìyá ìkókó, Àǹtí Sílífá, tó po sóbò náà, ló gbé ọwọ́ sẹ́nu. Ó ní, "Mo tọ́ ọ wò. Ṣíbí kan. Ó korò díẹ̀. Mo rò pé ṣúgà kò tó ni, mo tún fi kún un."

A gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Egbò yọ sí i lẹ́nu títí dé ọ̀fun, kò lè jẹun, kò lè sọ̀rọ̀. Fún ọjọ́ mọ́kànlá, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni ìyá wà. Àwọn ẹbí rẹ̀ kò bá wọn sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Wọ́n ń fọ aṣọ rẹ̀, wọ́n ń da póò rẹ̀ nù, bí nọ́ọ̀sì bá sì wọlé, wọ́n á dìde dúró bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ kọkànlá, Àǹtí Sílífá béèrè ẹ̀kọ gbígbóná, ó sì mu ún tán. Ìyá jáde sí gbangba, wọ́n jókòó sórí pèpéle, wọ́n sì sunkún bí ọmọdé. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí ẹkún wọn nìyẹn.

Alhaji ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní wọ́n ti polongo ìtìjú òun ká gbogbo Òkè-Ògùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó sílé, tí wọn kò mọ ohun tí wọ́n á fi ọwọ́ ṣe. Bàbá Ráfíù ló kó àgbààgbà mẹ́rin lẹ́yìn wá sí Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ tí Alhaji wà níbẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Alhaji, a fẹ́ máa ra ọjà níbí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin yẹn la fẹ́ máa rà á." Ọjọ́ kejì ni kọ́kọ́rọ́ padà. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń pe ìyá ní akíkanjú. Ó máa ń bí wọn nínú. "Akíkanjú kọ́," wọ́n á ní. "Ẹ̀rù ló gbé mi gun ọ̀kadà."

Èmi wọ yunifásítì, mo jáde, mo ṣiṣẹ́ káàkiri. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, irọ́ yẹn wà lọ́fun mi. Bí mo bá wá kí ìyá, tí wọ́n bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n dijú, ojú mi á sá. Wọn kò tún bi mí mọ́.

Lọ́dún yìí, àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ibi iṣẹ́ mi fi mí ṣe mánéjà ilé ìtajà kan ní Ṣakí. N kò lè jẹun, n kò lè jókòó. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo wà nìkan lọ́dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ lẹ́nu mi.

"Ìyá, mo gbọ́ òórùn yẹn. Ọjọ́ tí mo bu ṣúgà. Mo parọ́ fún yín."

Wọ́n yíjú sí ògiri. Mo rò pé oorun ti gbé wọn lọ.

"Mo mọ̀," wọ́n ní.

"Ẹ mọ̀, ìyá?"

"Èmi náà gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo dúró ti àpò, mo gbọ́ ọ dáadáa. Ó rẹ̀ mí. Mo ní tí ilẹ̀ bá mọ́, n ó wò ó." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ìdí tí mi ò fi bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn."

Mo gbé orí lé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ọwọ́ wọn wá bà lé mi lórí, ó fúyẹ́ bí ewé.

"Ọjọ́ wo lo bẹ̀rẹ̀ ní Ṣakí?"

"Ọjọ́ Ajé, ìyá."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ó ń bà mí gan-an."

"Ó dáa." Wọ́n dijú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni wọ́n jáde láyé, wọ́n sì sọ̀rọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn kó tó dìgbà náà, ṣùgbọ́n èyí ni wọ́n sọ fún mi gbẹ̀yìn, tí ohùn wọn le bí ìgbà tí wọ́n bá dúró nínú ilé ìtajà: "Ọjọ́ tó bá rẹ̀ ọ́, Àbẹ̀kẹ́, ọjọ́ yẹn ni kí o bẹ̀rù jù."